Epo Pupa àti Ojú Sàfúrátù: Ọjọ́ Ayé Mi ní Ìdí Ààrò Ilé-Kéwú

Ọmọbìnrin kan tí ó ń gbé ní yàrá kejì sí tèmi ní Adabraka, ní Accra, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní ọjọ́ kan tí a jọ ń sá aṣọ, ó bi mí pé, "Màmá, iṣẹ́ wo lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?" Mo ní mo dáná. Ó dúró, ó ń retí kí n fi nǹkan kún un. Nígbà tí n kò fi nǹkan kan kún un, ó ní, "Iṣẹ́ yẹn nìkan?" Mo ní iṣẹ́ yẹn nìkan. Ó rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn, ó gbé ike aṣọ rẹ̀, ó wọlé. Mo wá rò ó pé ó yẹ kí n kọ ìdáhùn tí ó kún jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un, àti fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò fi ayé wọn ṣe. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ó máa ń pọ̀ díẹ̀ lórí ìwé.

Ilé-kéwú kan ní Accra ni mo ti dáná. Àwọn ààfáà tí wọ́n ti ilẹ̀ Yorùbá wá ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ọmọ sì ń gbé inú rẹ̀ láti kọ́ Kùránì. Bàbá mi mọ ààfáà tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà, ààfáà ń wá ọmọbìnrin tí yóò ran alásè wọn lọ́wọ́, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama. Bí mo ṣe débẹ̀ nìyẹn. Owó iṣẹ́ náà tó jẹun, kò tó kọ́lé. Mo ṣe é títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀ láti gbé ìkòkò ńlá mọ́.

Ìyá Ṣakí ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pe alásè náà. Obìnrin gíga ni, kì í pariwo, kì í sì í sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó tó dé ilé-kéwú, ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ìwòsàn kan, níbi tí nọ́ọ̀sì àgbà kan ti kọ́ ọ ní ohun tí oúnjẹ ń ṣe nínú ara. Ó fi ẹ̀kọ́ náà pamọ́ sórí bí àwọn ọmọ ṣe ń fi Kùránì pamọ́ sórí, láìyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ó ní kí n se tẹ̀tẹ̀. Mo ṣe é bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nílé. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo fọ̀ ọ́, mo bọ̀ ọ́, mo fún un gbẹ. Mo gbé igbá omi ẹ̀fọ́ náà, mo ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó dá mi dúró.

"Kí lo fẹ́ fi omi yẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ dà á nù ni, Mà."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá mi ni, Mà."

"Ìyá ẹ kú iṣẹ́. Mú ife. Mu ún."

Mo rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Kò ṣẹ̀fẹ̀. Mo bu omi aláwọ̀ ewé náà sínú ife, mo mu ún, ó gbóná, ó sì ń rùn bí koríko.

"Kí ló wá kù nínú abọ́ yẹn?"

"Ẹ̀fọ́, Mà."

"Pàǹtí ló kù níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ ti wà níkùn ẹ."

Láti ọjọ́ náà, n kò bọ ẹ̀fọ́ fún mọ́. A ń fọ ewé kí a tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá gé e. A ń gé e tóbi. A ń jẹ́ kí ọbẹ̀ hó kí a tó da ewé sí i, a ń dé ìkòkò, a sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí àwọ̀ ewé ṣì wà lára rẹ̀. Káún kò gbọdọ̀ kan ẹ̀fọ́, kò sì gbọdọ̀ kan ẹ̀wà. Gbogbo alásè tí mo mọ̀ ló ń da káún sí ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀. Ìyá Ṣakí ní ohun tí ó mú ẹ̀wà yẹn rọ̀ ló pa á. Rírẹ ni a ń rẹ ẹ̀wà tiwa sínú omi di ọjọ́ kejì.

Àwọn àgbà ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìyá Ṣakí a máa fi kún un pé ìṣẹ́ lè kúrò nínú ikùn kí ó ṣì wà nínú egungun. Nígbà tí mo ti pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo bi í léèrè bí ó ṣe rí. A jókòó sídìí ààrò, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, kò gbójú sókè.

"Bánkù, ìrẹsì, ẹ̀bà, igi ìdáná nìyẹn," ó ní. "Fítámínì ni ìṣáná. Kí igi kún ilé, kí ìṣáná má sí, ebi á pa ẹ́ lórí igi. Irin tó wà nínú ẹ̀wà, ayodíìnì tó wà nínú iyọ̀, èyí tó ń mú egungun le nínú ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegun teegun, inú ilẹ̀ àti inú òkun ni gbogbo wọn ti wá. Òkúta ààrò nìyẹn. Òkúta kì í jó. Ṣùgbọ́n yọ wọ́n kúrò, kí o wo ibi tí ìkòkò máa jókòó sí."

"Omi ńkọ́, Mà?"

"Alárù ni omi. O ti rí Makola láìsí alárù rí?"

Mo ti rí ọjà Makola dáadáa, nítorí náà ó yé mi. Ọjà lè kún ìta, bí kò bá sí ẹni tí yóò rù ú, kò ní dé ilé ẹnikẹ́ni.

Ó le púpọ̀ lórí iyọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn ní ìlú wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, nọ́ọ̀sì àgbà náà sì ti sọ fún un pé àìtó ayodíìnì ló máa ń fa irú rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ti fi ayodíìnì sí nìkan ni ó ń jẹ́ kí ó wọlé, nínú agolo tí a dé pinpin, ní ibi tí ooru kò dé, nítorí ayodíìnì a máa fẹ́ lọ. Ọbẹ̀ á jinná tán kí iyọ̀ tó wọ inú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo gbàgbé, mo fi agolo sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná láìdé e. Kò nà mí, kò bú mi. Ó ní kí n jókòó ti agolo náà, kí n máa ṣọ́ ọ kí ó má baà sá lọ, títí di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ẹni tí ó ń kọjá ló ń bi mí pé kí ni mo ń ṣe níbẹ̀. Mo ní mo ń ṣọ́ iyọ̀. Àwọn ọmọ ilé-kéwú sọ mí ní Àǹtí Nímọ́tà Aṣọ́yọ̀. Nígbà tí àwọn yẹn lọ, wọ́n fi orúkọ náà lé àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀ níkẹyìn kò mọ ìdí rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ ẹ̀wà, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ jẹ ìlàjì ọsàn tẹ̀lé e, nítorí ohun tí ó kan nínú ọsàn ni ó ń fa irin inú ẹ̀wà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Tíì kò gbọdọ̀ bá a rìn, nítorí ó ń dá irin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tíì á dúró títí oúnjẹ á fi lọ sílẹ̀. Ẹ̀mí àwọn ọmọ kì í gbà á, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bá a jiyàn.

Ìkòkò omi amọ̀ kan wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, pẹ̀lú ife onídìí gígùn. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń mu omi. Ní àsìkò ọyẹ́, òùngbẹ kì í tètè gbẹ ọmọ, bẹ́ẹ̀ omi ń jáde lára rẹ̀. Ìyá Ṣakí á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á pe ẹni tí ètè rẹ̀ ti ń sán.

"Ìwọ, báwo ni ìtọ̀ ẹ ṣe rí lónìí?"

"Mà?"

"Ṣé ó rí bí omi ni àbí bí tíì?"

"Bí tíì, Mà."

"Mílíìkì wà nínú ẹ̀?"

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, ojú á ti onítọ̀hún, á sì lọ síbi ìkòkò.

Ó kọ́ mi ní iṣẹ́ náà dáadáa. Ohun tí kò kọ́ mi ni bí ènìyàn ṣe ń dá wà nínú rẹ̀, bóyá nítorí pé òun náà kò mọ ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀yìn ilé ni ilé ìdáná máa ń wà. Alásè ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló sì ń jẹun kẹ́yìn, ní òun nìkan, lórí àpótí, nígbà tí àwo gbogbo ti wà nínú omi. Ẹni tí ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ṣòro kí a tó rí ẹni tí yóò bi í pé, ṣé o ti jẹun? Mo lọ́kọ fún ìgbà díẹ̀. Ó lọ ṣòwò ní Abidjan, ó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò tún ránṣẹ́ mọ́. Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ. Nígbà tí àwọn òbí mi kú, àwọn àbúrò mi padà sí Ọ̀fà. Ìyá Ṣakí pàápàá darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ wá gbé e lọ sílé, ìròyìn ikú rẹ̀ sì dé bá mi níbi tí mo ti ń gé ata. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tí ojú yóò máa rí yín, ẹ má ṣe èyí. Ara tí ó le koko kì í rántí ohun tí ó mú un le.

Irinṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Igi ni a fi bẹ̀rẹ̀, ó di eédú, eédú di gáàsì. N kò ní parọ́, gáàsì dára fún ẹ̀fọ́: iná rẹ̀ yára, ewé kì í sì í pẹ́ lórí rẹ̀ débi tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣá. Àsáńkà, abọ́ amọ̀ onílà tí a fi ń lọ ata ní Ghana, di ẹ̀rọ ìlọta. Nígbà àsáńkà, àwọn ọmọbìnrin máa ń jókòó yí mi ká láti lọ ata, wọ́n á máa sọ èdè Twi, Gà àti Yorùbá mọ́ ara wọn, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rọ kò fẹ́ olùrànlọ́wọ́. Ó pariwo díẹ̀, iṣẹ́ parí, mo sì wà níbẹ̀ ní èmi nìkan. Níkẹyìn, wọ́n ra táńkì dúdú ńlá kan, wọ́n sì ń gbé omi inú ọ̀rá wá nínú àpò. Omi náà mọ́, inú rírun sì dínkù láàárín àwọn ọmọ, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ kọ̀ọ̀kan ń fi eyín já igun ọ̀rá tirẹ̀ níbikíbi tí ó bá wà. Kò sí ẹni tí ó tún ní ìdí láti wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Àyàfi Sàfúrátù.

Ó kù díẹ̀ kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un wá láti Kumasi. Ẹ̀yà ọkọ̀ ni bàbá náà ń tà, kì í sì í gbélé. Ìyá rẹ̀ ti kú. Èéyi, àìsàn tí ó máa ń sú wẹ́wẹ́ sára ọmọ tí ojú á sì pọ́n, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ó rù, kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Yorùbá rẹ̀ kò sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn ọmọ yòókù ń sín in jẹ. Bí wọ́n bá jáde kúrò nídìí wàláà, ó ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, láìsọ nǹkan kan. Èmi náà kì í sọ nǹkan kan. Ó bá wa lára mu.

Ní ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ kan gba ìgboro pé àwọn kan ń fi aró pupa pò mọ́ epo pupa kí ó lè pọ́n lójú oníbàárà. Kì í ṣe irọ́. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà. Ìgbìmọ̀ ilé-kéwú jókòó, wọ́n sì pàṣẹ pé kí epo pupa má ṣe wọ ilé ìdáná mọ́. Ẹnì kan sì fi páálí òróró ṣe sàárà fún wa, òróró tí ó mọ́ gaara. Gbogbo wọn yìn ín pé kì í ta sí aṣọ funfun. Ọyẹ́ dé, tẹ̀tẹ̀ àti kọ́ńtómìrè, ewé kókò tí àwọn ará Ghana fi ń se ọbẹ̀, wọ́n gbowó lérí, ìgbìmọ̀ sì ní kí n máa se kábéèjì. Oúnjẹ ń yó àwọn ọmọ. Kò sí ẹni tí ebi pa. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé Sàfúrátù ń fẹsẹ̀ gbá nǹkan ní ìrọ̀lẹ́. Ó da omi àlùwàlá àwọn àgbà nù. Ó tẹ àwo ẹnì kan fọ́. Àwọn ọmọ ń pè é ní Ẹlẹ́sẹ̀ Màlúù. Lẹ́yìn náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó ń di etí ìró mi mú.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Dààbí," ó ní. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé rárá ní Twi.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?"

"Dààbí, Màmá."

Mo rò pé ìyá rẹ̀ ló ń wá. Mo jẹ́ kí ó máa dì í mú.

Ààfáà tí ó ń kọ́ wọn nígbà náà ni ọmọ ààfáà tí ó gbà mí síṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí pàṣán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, ó ní kí Sàfúrátù ka ohun tí ó wà lójú wàláà rẹ̀. Ó dákẹ́. Ààfáà tún un sọ, kò kà á. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé Ààfáà ti gbé pàṣán sókè kí ó tó rí i pé ìdoríkodò ni ọmọ náà di wàláà mú. Ó sọ pàṣán sílẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Àǹtí Nímọ́tà, kí ló ń ṣe ọmọ yìí?"

"N kò mọ̀, Ààfáà. Ó máa ń kọsẹ̀."

"Lọ́sàn-án, ó ń ka gbogbo rẹ̀ bí omi tó ń ṣàn. Tí oòrùn bá ti wọ̀, á ya odi. Mo rò pé ọ̀lẹ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ya ọ̀lẹ ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́." Ó na ìka rẹ̀ síwájú ojú ọmọ náà. "Sàfúrátù, ìka mi mélòó nìyí?"

Sàfúrátù na ọwọ́ ó sì fọwọ́ bà á kí ó tó dáhùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Ààfáà mú un lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí kò jìnnà. Nọ́ọ̀sì tí ó yẹ̀ ẹ́ wò tan iná sí i lójú. Ó fi hàn wá pé ẹyinjú rẹ̀ ti gbẹ, ohun kan bí ìfófòó ọṣẹ sì ti lẹ̀ mọ́ ibi funfun rẹ̀. Fítámínì tí wọ́n ń pè ní A ni kò sí lára rẹ̀, ó ní. Òun ni ojú fi ń ríran nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Èéyi tí ó ṣe é ti gbọ́n èyí tí ó ní gbẹ, kò sì rí òmíràn jẹ.

"Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," nọ́ọ̀sì náà sọ, "ìgbà kan ń bọ̀ tí kò ní ríran lọ́sàn-án pàápàá. Tí ó bá débẹ̀, kò sí oògùn tó lè dá a padà. Ẹ ṣeun tí ẹ tètè mú un wá." Ó wò wá. "Kí ni wọ́n ń jẹ? Epo pupa ńkọ́?"

Èmi àti Ààfáà wo ara wa.

"Àwa la lé e jáde," Ààfáà sọ.

Nọ́ọ̀sì kò bá wa wí. Ó ní pípọ́n tí epo pọ́n, tí máńgòrò pọ́n, tí inú kúkúńdùnkún kan pọ́n, nínú rẹ̀ ni ara ti ń ṣe fítámínì náà, ó sì wà nínú ewé tútù bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ ewé bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tí ó ti wà ní ṣíṣe tán ni ti inú ẹ̀dọ̀. Ó ní òróró mìíràn wà tí wọ́n ti fi í sí, kí a wo ara páálí tiwa. A délé, a wò ó. Kò sí níbẹ̀. Kí a tó kúrò lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì náà, ó ti gé orí oògùn olómi kan, ó fún un sí Sàfúrátù lẹ́nu, ó sọ ọjọ́ tí a ó padà wá gba ti èkejì àti ẹ̀kẹta.

Ààfáà lọ bá ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀. N kò mọ ohun tí ó sọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní epo lè wọlé bí mo bá mọ ọwọ́ tí ó ti wá. Mo wọ tìròtìrò, ọkọ̀ akérò, lọ sí abúlé kan ní ọ̀nà Koforidua, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fún epo. Mo jókòó tì wọ́n láti ìgbà tí wọ́n gún ẹyìn títí wọ́n fi ré epo kúrò lójú omi. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ṣé n kò gbà á gbọ́ ni. Mo ní mo gbà á gbọ́, mo kàn fẹ́ rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi níṣu sísun.

Àwọn ọmọ méjì mìíràn tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ gbá nǹkan, ojú tiwọn tètè padà. Ti Sàfúrátù kò yá. Mo ń se kọ́ńtómìrè pẹ̀lú epo tí n kò jẹ́ kí ó gbóná débi tí yóò fi funfun, nítorí epo tí a bá yọ́ títí tí pípọ́n rẹ̀ fi lọ, ohun tí a ń wá ti bá a lọ. Mo ń sun ẹ̀dọ̀ fún un.

"Màmá, ó ń rùn."

"Kì í ṣe ẹnu ẹ ló ń jẹ ẹ́. Ojú ẹ ni."

"Kí ojú fúnra ẹ̀ wá jẹ ẹ́ nígbà náà."

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn, bí mo ti ń lọ pa gáàsì, tí mo ń lọ dé agolo, tí mo ń lọ kó aṣọ, ó ń tẹ̀lé mi, ọwọ́ rẹ̀ ní etí ìró mi. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ìyá rẹ̀, ó sọ ti ewúrẹ́ kan tí wọ́n ní ní Kumasi tí ó máa ń gun orí ọkọ̀. Èmi náà bá ara mi níbi tí mo ti ń dáhùn. Mo sọ ti Ìyá Ṣakí fún un, mo sọ ti ẹni tí ó lọ sí Abidjan. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ohùn mi tó bẹ́ẹ̀. Mo ń gbàdúrà ní gbogbo ìrun kí ojú rẹ̀ là. Bí mo bá sì ṣe àmín tán, mo mọ̀ pé ọjọ́ tí ó bá là ni etí ìró mi yóò fúyẹ́.

Bàbá rẹ̀ pè láti Kumasi. Ó ti gbé ìyàwó mìíràn, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tí ó fẹ́ràn ọmọ, ilé-ẹ̀kọ́ sì wà ní ìtòsí ilé wọn. Yóò wá ní ọjọ́ Jímọ̀. Bí ojú ọmọ bá ti dá, yóò mú un lọ. Bí kò bá tíì dá, yóò fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí ó má jìnnà sí nọ́ọ̀sì náà. Ààfáà wá sí ilé ìdáná láti sọ fún mi, ohun tí kì í sábà ṣe.

"Ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú rẹ̀ nírọ̀lẹ́," ó ní. "Ohun tí ẹ bá sọ ni màá sọ fún bàbá rẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo ní kí Sàfúrátù dúró sídìí ẹ̀rọ omi. Mo rìn kọjá àgbàlá, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́ mi, n kò sì pè é. Wọ́n kò tíì tan iná. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ó yà fún bẹ́ǹṣì. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n ìfọṣọ kọjá. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó gba ife, ó mu omi, ó gbójú sókè.

"Màmá, ẹ wé ìbòrí yín sódì. Ojú rírán rẹ̀ ló wà níta."

Mo fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo ṣe wé e láti ìrun àárọ̀ nìyẹn. Mo ti lọ sí Makola bọ̀, mo ti pín oúnjẹ fún gbogbo ilé, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún mi.

Mo lọ bá Ààfáà. Ó ní kí n jókòó.

"Ẹ má kánjú, Àǹtí Nímọ́tà. Bí ẹ bá ní kí ó dúró títí ààwẹ̀ tó ń bọ̀ á fi parí, n kò ní bi yín léèrè ìdí."

"Ó ti ríran, Ààfáà."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Bàbá rẹ̀ dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ ní ohun tí ó ń ṣe é, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí wọ́n tó múra tán. Mo fún un ní ìgò epo, mo sọ fún un pé kí ìyàwó rẹ̀ má yọ́ ọ funfun, kí ó sì máa fi se ewé. Ó ní òun gbọ́, ó dúpẹ́ títí. Sàfúrátù kúnlẹ̀ fún Ààfáà, ó kúnlẹ̀ fún mi, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

Gọ́tà kan wà níwájú ilé-kéwú tí kò ní ìdérí, láàárín ẹnu ọ̀nà àti ọkọ̀. Bí ó ti ń lọ síbẹ̀, mo na ọwọ́ mi sí i. Kò rí ọwọ́ náà, nítorí pé gọ́tà ló ń wò. Ó wọ̀n ọ́n lójú, ó fò ó, ó sì wọ ọkọ̀. Nígbà tí n kò gbọ́ ìró ọkọ̀ náà mọ́, mo wọlé lọ rẹ ẹ̀wà ọjọ́ kejì.